Òkú Tí Kò Kúrò Nílé: Àgbéyẹ̀wò Ètò Eré Adẹ́rùbani Nípa Skandinéfíà Àtijọ́

Eré àfẹnuṣe ni orúkọ tí àgbéyẹ̀wò yìí yóò máa lò fún irú eré tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń jókòó yí tábìlì ká láti ṣe, nínú èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń gbé ìwà ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, tí ó ń sọ ohun tí ẹ̀dá náà ṣe àti ohun tí ó wí, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tí ẹnu nìkan kò lè pinnu. Ọ̀kan nínú wọn ni atọ́kùn, ẹni tí ó ń sọ bí ayé inú ìtàn ṣe rí, tí ó sì ń gbẹnu sọ fún gbogbo ẹ̀dá tí kò ní òṣèré. Ọdún 1974 ni irú eré báyìí di ohun títà lọ́jà ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde; ní 1981 ni Call of Cthulhu tí Sandy Petersen kọ tẹ̀ lé e, tí ó sì fi hàn pé ẹ̀rù lè jẹ́ ìpìlẹ̀ eré náà, dípò akọni tí ń pa ẹranko búburú kó wúrà lọ. Bí ìtàn kan bá gùn débi pé àwọn òṣèré ń padà sí i fún oṣù mélòó kan, eré ọlọ́pọ̀ ìjókòó ni, irú èyí sì ni ó ṣòro jù láti ṣètò, nítorí pé ẹ̀rù máa ń tètè ṣá bí ó bá pẹ́ nílẹ̀.

Ìbéèrè tí ó dúró níwájú ẹni tí ó bá fẹ́ gbé irú eré bẹ́ẹ̀ ka Skandinéfíà láàárín nǹkan bí ọdún 500 sí 1050 ni ibi tí ẹ̀rù inú rẹ̀ yóò ti wá. Skandinéfíà tí à ń wí yìí ni Dẹ́nmárkì, Nọ́wè àti Swídìn òde òní, pẹ̀lú Áísílándì tí àwọn ará Nọ́wè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 870. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn atọ́kùn ni ẹ̀dá abàmì tí ó ti inú òkun tàbí inú igbó jáde wá bá àwọn jagunjagun inú ọkọ̀ àwọn Viking, ọlọ́ṣà ojú omi ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí wọ́n ní àáké, asà àti ìgboyà wọ̀nyí kò rọrùn láti dẹ́rù bà. Òwe Yorùbá tí ó ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, sún mọ́ òye àwọn ará ibẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fara balẹ̀ wo àwọn ìtàn àtijọ́ wọn àti ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde, inú ilé ni ẹ̀rù wọn ti ń wá: lọ́dọ̀ òkú tí ó jẹ́ ẹbí, lọ́dọ̀ aládùúgbò tí a jẹ ní gbèsè ẹ̀jẹ̀, àti nínú òfin tí ó lè sọ ọmọ onílé di ẹni tí ẹnikẹ́ni lè pa bí ẹranko ìgbẹ́.

Ọdún tí a bá yàn ni ó ń pinnu irú ẹ̀rù tí yóò ṣeé gbà gbọ́. Ọdún 793 ni ó wọ́pọ̀ jù, ọdún tí àwọn ọlọ́ṣà ojú omi kọlu ilé àwọn mọ́ńkì ní Lindisfarne, ní etíkun àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn òpìtàn sì fi ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà Viking. Ṣùgbọ́n àwọn mọ́ńkì ni wọ́n ni ẹ̀rù ọjọ́ náà, òṣèré tí ó wà nínú ọkọ̀ àwọn tí ń bọ̀ kò sì ní í bẹ̀rù ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbé lọ bá ẹlòmíràn. Ọdún 536 sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ní ọdún náà, òkè oníná kan bú gbàmù, eérú àti èéfín rẹ̀ sì bo ojú ọ̀run apá àríwá ayé, débi pé Procopius, òpìtàn ará Byzantium, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ṣe ni òòrùn ń tàn bí òṣùpá, láìní agbára, ní gbogbo ọdún náà. Òmíràn tún bú ní nǹkan bí 540. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí i pé ọ̀pọ̀ abúlé ní Swídìn àti Nọ́wè di ahoro ní ọ̀rúndún yẹn. Bo Gräslund, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn awalẹ̀pìtàn Swídìn, dá a lábàá pé ìrántí àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni ó wà nídìí Fimbulwinter, ìyẹn ìgbà òtútù mẹ́ta tí yóò tẹ̀ léra wọn láìsí ìgbà ooru láàárín, kí ayé tó parẹ́, gẹ́gẹ́ bí Snorri Sturluson ṣe kọ ọ́ ní Áísílándì ní nǹkan bí 1220. Atọ́kùn tí ó bá bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀ ní àkókò ìkórè ọdún 536 kò nílò ẹ̀dá abàmì kankan fún ìjókòó mẹ́ta àkọ́kọ́: ọkà kò gbó, màlúù ń kú, ọ̀rọ̀ sì ti dé orí ohun tí a ó fi rúbọ, àti lẹ́yìn náà, orí ẹni tí a ó fi rúbọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ padà sẹ́yìn sí i lè lọ sí erékùṣù Öland ní ìlà-oòrùn Swídìn, níbi tí Sandby borg wà, odi olókùúta kan tí a ti pa àwọn ará inú rẹ̀ nípakúpa ní apá ìparí ọ̀rúndún karùn-ún. Nínú àbọ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn tẹ̀ jáde ní 2018, ó kéré tán ènìyàn 26 ni wọ́n ti rí egungun wọn, níbi tí oníkálukú ṣubú sí, nínú ilé àti lójú ọ̀nà, láìsí ẹni tí ó sin wọ́n. Ẹja tí wọ́n jẹ kù ṣì wà nílẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye sì wà níbi tí wọ́n kó o pamọ́ sí. Ohun tí ó yẹ kí atọ́kùn dì mú níbẹ̀ ju ìpakúpa náà lọ ni pé ẹnikẹ́ni kò padà wá, yálà láti sin òkú tàbí láti kó wúrà. Àwọn aládùúgbò wà láyìíká, wọ́n sì yàn láti má ṣe wọ inú odi náà, yíyàn yìí sì lè gbé odindi eré ró.

Òkúta Rök, tí ó dúró ní Östergötland ní Swídìn, ń fún ọdún 800 ní irú agbára kan náà. Bàbá kan tí ń jẹ́ Varin ni ó gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí i lára ní ìrántí Vamod ọmọ rẹ̀ tí ó kú, pẹ̀lú nǹkan bí lẹ́tà 760 ní rúùnù, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀wé tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára igi, egungun àti òkúta. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní 2020, Per Holmberg ti Yunifásítì Gothenburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ìbẹ̀rù kí òtútù ńlá ìgbà ayébáyé má tún padà wá ni ó wà nínú rẹ̀. Ìbáà jẹ́ òótọ́ tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú, tí ó sì ń gbẹ́ ọ̀rọ̀ àdììtú sára òkúta nípa òòrùn tí ó lè kú, jẹ́ ẹ̀dá-ìtàn tí kò sí òǹkọ̀wé eré tí ó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà mìíràn tí ó yẹ láti rò ni ìgbà tí ẹ̀sìn Kristi ń wọlé. Ọba Harald Bluetooth gbé òkúta kalẹ̀ ní Jelling ní nǹkan bí 965 láti kéde pé òun ti sọ àwọn ará Dẹ́nmárkì di Kristẹni, àwọn ará Áísílándì sì gba ẹ̀sìn náà nínú ìpàdé òfin wọn ní 999 tàbí 1000. Àdéhùn tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ṣe pàtàkì fún eré adẹ́rùbani: gbogbo ènìyàn ni yóò ṣe ìrìbọmi, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ lè máa rúbọ ní ìkọ̀kọ̀, kìkì kí ẹlẹ́rìí má ṣe rí i. Ìdílé tí ọkọ ń gbàdúrà sí Kristi, tí ìyá rẹ̀ ń bọ òrìṣà àtijọ́ lẹ́yìn ilé, tí gbogbo ará ilé sì mọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnu wọn wúwo, ti gbé eré rẹ̀ wá fúnra rẹ̀.

Ní ti ibi tí ìtàn yóò ti ṣẹlẹ̀, àwọn ìlú ọjà bíi Ribe, Hedeby àti Birka dára fún ìjókòó kan tàbí méjì, fún ìròyìn àti fún àjèjì tí ó dé pẹ̀lú ẹrù tí kò yẹ kí a tú. Àmọ́ ibi tí ó yẹ kí eré fìdí kalẹ̀ sí ni ilé gígùn, ilé onígi tàbí oníkoríko tí ẹbí, ẹrú àti ẹran ọ̀sìn jọ ń gbé, tí iná ń jó láàárín rẹ̀, tí èéfín ń gba òrùlé jáde, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní fèrèsé. Ní Borg, ní àwọn erékùṣù Lofoten ní àríwá Nọ́wè, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ìpìlẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ kan tí ó gùn tó mítà 83, ilé ìjòyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ní nǹkan bí 950. Ní ibẹ̀, òòrùn kì í yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láàárín oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní. Atọ́kùn kò gbọdọ̀ fi òkùnkùn yìí ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Kí ó sọ ọ́ di ìṣirò: igi ìdáná mélòó ni ó kù, ta ni yóò jáde lọ fún ẹran lóúnjẹ, ta ni kò tíì padà.

Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òkú ti ń padà wá. Draugr ni wọ́n ń pe òkú tí ó ń rìn, ó sì yàtọ̀ sí àkúdàáyà tí àwọn Yorùbá mọ̀, nítorí pé àkúdàáyà máa ń lọ sí ìlú tí a kò ti mọ̀ ọ́n láti lọ gbé ayé mìíràn, ṣùgbọ́n draugr kì í lọ jìnnà sí ibojì rẹ̀; ara rẹ̀ wúwo, ó wú, ó ṣeé dì mú, ó sì lágbára ju ìgbà tí ó wà láàyè lọ. Àwọn ìtàn tí a ń pè ní saga, tí a kọ ní Áísílándì ní ọ̀rúndún kẹtàlá àti ìkẹrìnlá, ni ó sọ nípa rẹ̀ jù, ó sì yẹ kí a rántí pé àwọn Kristẹni ni wọ́n kọ wọ́n, ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀. Àmọ́ ìbẹ̀rù náà ti wà kí wọ́n tó kọ ọ́: ní Gerdrup ní Dẹ́nmárkì, a rí ibojì ìgbà Viking kan tí wọ́n ti gbé òkúta ńláńlá lé òkú obìnrin lórí, bí ẹni pé wọn kò fẹ́ kí ó dìde.

Nínú saga Grettir, darandaran kan tí ń jẹ́ Glam, ará Swídìn tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Áísílándì, kú ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òrùlé àwọn ilé àfonífojì náà lóru títí àwọn ará ibẹ̀ fi ń sá lọ. Grettir, ọkùnrin alágbára tí kò bẹ̀rù ohunkóhun, bá a jà, ó sì borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó gé e lórí, òṣùpá là, Glam wò ó lójú, ó sì ṣépè fún un pé agbára rẹ̀ kò ní í dàgbà mọ́, pé yóò di ẹni tí ìlú lé, àti pé yóò máa rí ojú òun níwájú rẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá dá wà. Láti ọjọ́ náà, Grettir ń bẹ̀rù òkùnkùn bí ọmọdé. Kò sí ìtàn tí ó kọ́ atọ́kùn ní ẹ̀kọ́ tí ó dára ju èyí lọ nípa bí a ṣe ń dẹ́rù ba jagunjagun: a jẹ́ kí ó ṣẹ́gun, a sì mú kí ìṣẹ́gun náà gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí àáké kò lè gbà padà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ilé Fróðá nínú saga Eyrbyggja tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Thorgunna, obìnrin kan láti àwọn erékùṣù Hebrides, fi àṣẹ sílẹ̀ nígbà tí ó ń kú lọ pé kí wọ́n sun aṣọ ibùsùn òun, ṣùgbọ́n Thurid ìyálé ilé náà fẹ́ràn aṣọ wọ̀nyẹn, ó sì mú kí ọkọ rẹ̀ dá wọn sí. Láti ibẹ̀ ni ikú ti wọlé. Ìmọ́lẹ̀ kan tí ó dà bí òṣùpá hàn lára ògiri, àwọn ará ilé ń kú léraléra, ọkọ rẹ̀ àti àwọn tí ó bá a lọ pẹja rì sómi, wọ́n sì rin wọlé wá síbi ìsìnkú ara wọn, omi ń kán lára wọn, wọ́n jókòó yá iná. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ 30 tí ó wà nílé náà, 18 ni ó kú, márùn-ún sá lọ, méje péré ni ó ṣẹ́ kù. Kjartan, ọmọ ìyálé náà, lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Snorri mìíràn, tí ó jẹ́ olórí àdúgbò. Wọ́n sun aṣọ náà, lẹ́yìn èyí wọ́n gbé ilé ẹjọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pe àwọn òkú lẹ́jọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀sùn pé wọ́n wọ ilé láìgbàṣẹ, wọ́n pe ẹlẹ́rìí, wọ́n sì dájọ́. Òkú kọ̀ọ̀kan dìde bí a ti ń dá ẹjọ́ tirẹ̀, ó sọ pé òun kò fẹ́ kúrò ṣùgbọ́n òun yóò lọ, ó sì jáde. Òfin wọn dé ọ̀dọ̀ òkú. Atọ́kùn tí ó bá fojú fo èyí, tí ó sọ draugr di ẹran tí a ń ṣọdẹ lásán, ti sọ ohun tí ó dára jù lọ nínú àkójọ rẹ̀ nù.

Àwọn obìnrin aríran, tí wọ́n ń pè ní völva, àti iṣẹ́ awo tí wọ́n ń ṣe, seiðr, nílò ọwọ́ jẹ́jẹ́. Nínú saga Erik Pupa, ìyàn mú ní Greenland, wọ́n sì pe Thorbjörg aríran wá sí ilé ìjòyè kan. Ó wọ fìlà awọ àgùntàn dúdú àti ìbọ̀wọ́ awọ ológbò, ó jẹ ọkàn oríṣiríṣi ẹran, ó sì nílò obìnrin tí ó mọ orin tí ń pe àwọn ẹ̀mí. Gudrid, tí ó jẹ́ Kristẹni, nìkan ni ó mọ orin náà, ó kọ́kọ́ kọ̀, àmọ́ ó padà kọ ọ́ nítorí ebi àwọn ènìyàn. Ní Fyrkat ní Dẹ́nmárkì, nínú ibojì tí ó jẹ́ ti nǹkan bí 980, a rí obìnrin kan tí a sin pẹ̀lú ọ̀pá irin àti èso henbane, ewéko olóró tí ń mú ènìyàn rí ohun tí kò sí. Fún ọkùnrin, ìtìjú ńlá ni iṣẹ́ seiðr jẹ́, ó ń sọ ọ́ di ẹni tí a kò kà mọ́ ọkùnrin. Nítorí náà, agbára tí ó lè gba ẹbí là ni agbára tí ó lè ba orúkọ ọmọ wọn jẹ́, ohun tí ó sì yẹ kí òṣèré máa rò pọ̀ nìyẹn.

Bí òkú àti awo ṣe wọ inú òfin àti orúkọ ìdílé báyìí ni ó mú kí yíyan òfin eré ṣòro. Call of Cthulhu ní òǹkà làákàyè, iye tí ń dín kù bí ẹ̀dá-ìtàn bá ti ń rí ohun tí ojú kò yẹ kí ó rí, tàbí bí ó bá ka ìwé èèwọ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ tí ń jẹ́ Cthulhu Dark Ages gbé e lọ sí Yúróòpù ní àyíká ọdún 1000. Òǹkà náà wúlò, ṣùgbọ́n ìwé kò sí nílé gígùn, àwọn ará Skandinéfíà ìgbà náà kò sì ka òkú tí ń rìn sí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n, òfin wọn ní ìdáhùn sí i. Ẹni tí ó bá rí draugr kò ní ìdí láti ya wèrè, ó ní ìdí láti ṣírò ẹni tí ó ṣẹ òkú náà. Bí a óò bá lo òǹkà kankan, orúkọ rere, ìdè ẹbí àti oríire ẹni ni ó yẹ kí ó máa dín kù. Mythic Iceland tí Pedro Ziviani kọ ní 2012 mọ ilẹ̀ àti òfin Áísílándì dáadáa, ó sì dára bí ìwé ìtọ́kasí fún ẹni tí ó ń lo òfin mìíràn. Sagas of the Icelanders tí Gregor Vuga ṣe ni ó sún mọ́ ohun tí a ń wá jù, nítorí pé ohun tí ọkùnrin, obìnrin àti ẹrú lè ṣe nínú rẹ̀ yàtọ̀ síra wọn, agbára inú ilé sì ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ẹ̀rù ni kò pọ̀ nínú rẹ̀, atọ́kùn ni yóò sì fi kún un. Vaesen, tí àwọn ará Swídìn gbé jáde ní 2020, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni tirẹ̀, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ sì ti di ìtàn ìdílé alábúlé. Dread, eré 2005 tí kò lo dáìsì, tí ó ń mú kí òṣèré máa fa igi kéékèèké kúrò lára ilé-ìṣọ́ onígi títí yóò fi wó, dára fún òru kan ṣoṣo, irú òru Glam. Kò lè gbé oṣù mẹ́fà.

Àáké ni ìṣòro tí ó kù. Òṣèré tí ó ní àáké yóò fẹ́ lò ó, ìdáhùn tí ó sì dára jù ni ti òfin ìgbà náà: ẹni tí ó bá pa ènìyàn gbọ́dọ̀ lọ kéde rẹ̀ ní ilé tí ó sún mọ́ ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpànìyàn ìkọ̀kọ̀ ni, ìtìjú rẹ̀ sì pọ̀ ju pípa gan-an lọ. Ẹbí òkú yóò béèrè owó tàbí ẹ̀jẹ̀. Ìdájọ́ tí ó burú jù ni skóggangr, lílé ẹni wọ inú igbó, tí ó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè pa á láìsan ohunkóhun, kò sì sẹ́ni tí ó gbọdọ̀ fún un ní oúnjẹ tàbí gbé e sínú ọkọ̀. Grettir gbé ìgbé ayé yìí fún ọdún 19.

Àwọn ohun kan wà tí ó yẹ kí àwọn òṣèré fẹnu kò lé lórí kí wọ́n tó jókòó. Àwùjọ yìí kún fún ẹrú, òwò ẹrú sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó ń mú ọlà wá; Ibn Fadlan, aṣojú ọba láti Baghdad, rí i létí odò Volga ní 922 bí àwọn Rus, ìyẹn àwọn oníṣòwò ará Skandinéfíà, ṣe pa ọmọbìnrin ẹrú kan láti bá olówó rẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀dá abàmì inú ìwé eré kankan tí ó burú tó ìròyìn náà, ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọdọ̀ gbé e wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Káàdì tí a kọ X sí, tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn láti dá ìran dúró, ti wọ́pọ̀ nídìí irú eré yìí. Ẹ̀wẹ̀, àwọn saga máa ń sọ gbogbo àwọn Sámi ti àríwá di oṣó. Ènìyàn tí ó wà títí di òní ni wọ́n, Ohthere tí ó lọ bá Ọba Alfred ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 890 sì sọ bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ṣe ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn: awọ, ìyẹ́ ẹyẹ àti okùn ọkọ̀. Ìtàn tí ìbẹ̀rù ti ń ti ọ̀dọ̀ agbowó-òde wá yóò sàn ju èyí tí ó ń ti ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti akoto oníwo, ọnà aṣọ tí Carl Emil Doepler ṣe fún eré orin Wagner ní 1876 ni ó sọ ọ́ di ti Viking, kí a fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Àkókò eré kò gbọdọ̀ kọjá ìgbà òtútù kan, láti àjọ̀dún òru òtútù ní àárín oṣù Kẹwàá títí di ìpàdé òfin ìgbà ooru, ní bí ìjókòó mẹ́wàá sí méjìlá. Ìjókòó méjì àkọ́kọ́ ni kí ó jẹ́ ti ìdílé nìkan: ta ni ó jẹ ta ní gbèsè, àṣẹ olóògbé wo ni wọ́n kò mú ṣẹ, ta ni ó ń rúbọ lẹ́yìn ilé. Òkú àkọ́kọ́ gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí àwọn òṣèré ti fẹ́ràn, ó sì gbọdọ̀ padà wá jókòó síbi tí ó máa ń jókòó, láìṣe nǹkan kan, fún òru mélòó kan. Ìjókòó ìkẹyìn kì yóò jẹ́ ìjà. Ìpàdé òfin ni, níbi tí gbogbo ohun tí ìdílé náà ṣe ní ìgbà òkùnkùn yóò ti di ẹ̀sùn lẹ́nu àwọn aládùúgbò, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó lè jẹ́rìí sí i yóò sì ti kú. Bí ilé ẹjọ́ Fróðá bá lè pe òkú ní ẹni tí òfin mọ̀, nígbà náà, àrólé draugr tí wọ́n gé lórí lè dìde láti béèrè owó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn òṣèré fúnra wọn sì ni kí atọ́kùn fi ṣe ìgbìmọ̀ tí yóò dá ẹjọ́ náà.